Track 8, ẹnu 2: Zoom R8 nínú yàrá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọdún kẹta rèé tí Zoom R8, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ti wà lórí tábìlì mi. Mo ti fi gba orin tèmi sílẹ̀, mo ti fi gba ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, mo sì ti fi gba orin alámọ̀ tí Yèyé, ìyá bàbá mi, ń lé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, torí òun ló fi ibi tí ẹ̀rọ náà lágbára dé hàn mí, òun náà ló sì fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn mí.

Kí n tó rà á, nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lójú páálí ni mo ń wò. Tibí ní track 8 (track ni àyè tí ohùn kan ń dá wà nínú ẹ̀rọ), tọ̀hún ní 16, òmíràn ní 24. Èrò mi ni pé èyí tó bá pọ̀ jù ló dáa jù, àfi tówó ò bá sí. N ò mọ̀ pé nọ́ńbà kejì wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ wá: iye ohùn tí ẹ̀rọ náà lè gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí kálukú sì wà ní track tirẹ̀. R8 ní track 8, àmọ́ ohùn 2 péré ló ń gbà pọ̀. TASCAM DP-008EX náà rí bẹ́ẹ̀, 8 àti 2. Zoom R16 ní track 16, ó ń gba ohùn 8 pọ̀. R24 ní 24, síbẹ̀ 8 yẹn náà lòun náà ń gbà. Ẹni tó bá jẹ́ pé onílù mẹ́wàá tó ń lù pọ̀ ni ìṣòro rẹ̀, R24 ò ràn án lọ́wọ́ ju R16 lọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ iye ohùn tí ẹ lè tò léra wọn. Èkejì ń sọ iye ẹnu tó lè là lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ń dá ṣe é, ẹnu méjì tó o. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi nìkan ni. Mo á ta gìtá, mo á padà kọrin lé e, mo á tún gbe ara mi, mo á wá lu agogo sí i. Kò sí ìgbà kankan tí mo nílò ihò máíkì kẹta. Tí ibì kan bá bàjẹ́ láàárín orin, ibẹ̀ nìkan ni màá tún gbà, kò ní kan ìyókù. Kí n tó tún un gbà, mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ náà sínú káàdì, torí ohun tí mo rò lóru pé kò dáa, òun ni mo máa ń fẹ́ràn jù láàárọ̀.

Àwọn èèyàn ti bi mí pé kí ló dé tí n ò lo kọ̀ǹpútà. Iná ni. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kì í pé wákàtí kan, fáànù inú rẹ̀ sì ń hó wọnú máíkì. Tí mo bá tún ń gbọ́ ohùn ara mi nínú headphone, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí mi, èyí sì tó láti da orin rú mọ́ mi lẹ́nu. R8 ò ní fáànù, kò dún rárá, ohùn mi sì ń dé etí mi lójú ẹsẹ̀. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé ó máa lo nǹkan bíi wákàtí 5 àbọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ nígbà tí ẹ ò bá tan phantom, iná 48 volt tí máíkì condenser ń jẹ. Ẹ tan phantom, ẹ máa rí i bí bátìrì ṣe ń yọ́ bí òrí àmọ́ nínú oòrùn. Bátìrì tó ṣeé chájì ni mo ń lò. Volt 1.2 nìyẹn ń gbé, kì í ṣe 1.5 bíi ti alkaline, nítorí náà ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, ẹ sọ fún un pé Ni-MH lẹ fi sí i. Tẹ́ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á máa pariwo pé bátìrì ti tán nígbà tí kò tíì tán.

Volt 5 ti USB náà ń gbé e, ìdí nìyẹn tí power bank fi di ọ̀rẹ́ mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, olówó pọ́ọ́kú, ń fi ariwo tín-ínrín kan sínú orin bí ẹ̀fọn. Mo ti ná ọ̀sẹ̀ kan lórí wáyà àti máíkì kó tó yé mi pé òun ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀fọn lọ.

Nípa ariwo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rọ tó dára máa gbà yín. Máíkì condenser tó gbọ́ èémí yín náà máa gbọ́ àkùkọ ará ilé kejì. Ní àgbàlá wa, ìṣòro tó tóbi jù kì í tilẹ̀ ṣe jẹnẹrétọ̀, odó ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọ́n bá ti gbé ọmọrí odó lé iyán, gbì-gbì náà kì í gba afẹ́fẹ́ wá, ilẹ̀ ló ń gbà. Á gun ẹsẹ̀ irin tí máíkì dúró lé, á wọ inú track bí ìlù tí ẹnikẹ́ni ò pè. Mo gbé irin náà lé orí fóòmù tí mo ṣẹ́ po, ó dín kù púpọ̀. Ẹ lè fi EQ (ètò tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè kù, tó sì ń fi kún un) gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, láti nǹkan bíi 80 Hz lọ sílẹ̀, fún ohùn èèyàn. Ẹ má ṣe é fún ìyáàlù. Ara rẹ̀ gan-an lẹ ń gé yẹn. Òjò lórí páànù ò ní oògùn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ lọ sùn. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ síwájú ni mo ń ṣiṣẹ́ tèmi, pẹ̀lú aṣọ ìbora mẹ́ta lára ògiri àti fíríìjì tí mo yọ kúrò lára iná.

Ẹ jẹ́ kí n wá dórí ti Yèyé.

Alámọ̀ jẹ́ orin obìnrin nílẹ̀ Èkìtì wa níbí. Ẹnì kan á máa lé e, àwọn yòókù á máa gbè, agbè á sì máa dún lábẹ́ wọn. (Agbè là ń pe ohun tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.) Mo ti ní track 8, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń to ohùn léra. Mo ní: màá gba Yèyé nìkan lónìí, màá gba àwọn elégbè lọ́la, màá fi agbè sí i lọ́túnla. Mo gbé headphone lé Yèyé lórí, mo tan agogo inú ẹ̀rọ tó ń ka ìgbésẹ̀, mo ní kí wọ́n máa bá a lọ.

Wọ́n lé ìlà kan, wọ́n dákẹ́. Mo ní, “Yèyé, ẹ máa bá a lọ.” Wọ́n ní, “Wọn ò tíì gbè é.” Mo ní wọn á gbè é lọ́la. Wọ́n yọ headphone, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní, “Bí wọ́n bá ṣe gbè é ni mo fi ń mọ èyí tó kàn.”

Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ń lé alámọ̀ kì í ka orin láti inú ìwé. Bí ègbè bá gbóná, á fa oríkì ẹnì kan gùn sí i. Bí ó bá tutù, á yí ibòmíràn. Agogo tó ń ka ìgbésẹ̀ náà kò wúlò, torí ọ̀rọ̀ ló ń gbé ẹsẹ̀ orin náà, kì í ṣe aago. Ẹ gba ohùn Yèyé lọ́tọ̀, ẹ gba ègbè lọ́tọ̀, ohun tẹ́ẹ máa ní kì í ṣe alámọ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni nọ́ńbà kejì yẹn ti mú mi. Obìnrin márùn-ún ń gbè, ẹnì kan ní agbè, Yèyé ń lé. Ẹnu méje, ihò méjì. Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mo gbé máíkì dynamic, irú tí kò nílò iná phantom, sún mọ́ ẹnu Yèyé, ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Mo gbé condenser síwájú àwọn elégbè tí wọ́n dúró bí àbọ̀ òṣùpá. Máíkì méjèèjì, iwájú ni wọ́n ti ń gbọ́ dáadáa, ẹ̀yìn wọn dití díẹ̀. Mo wá kọ ẹ̀yìn ti Yèyé sí àwọn elégbè, mo kọ ẹ̀yìn ti àwọn elégbè sí Yèyé. Phantom tí mo tàn fún condenser kò pa máíkì Yèyé lára, torí dynamic tí wáyà XLR rẹ̀ (wáyà máíkì ẹlẹ́nu mẹ́ta) bá pé kò ní í ṣe pẹ̀lú 48 volt yẹn. Ohùn ṣì ń jò láti apá kan sí èkejì, àmọ́ ó jò lọ́nà tó dùn, bí ìgbà tí èèyàn wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn. Agbè ló kù. Ó mú ṣáṣá, ó ń bo gbogbo ẹnu mọ́lẹ̀. Mo ní kí aláagbè sún ẹ̀yìn ní ìgbésẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti bá wọn mu.

Ìgbà àkọ́kọ́ fọ́. Yèyé dé ibi oríkì bàbá bàbá mi, ohùn wọn ròkè lójijì, iná pupa tàn. Ohùn tó bá ti fọ́ báyẹn, kò sí bọ́tìnnì tó lè tún un ṣe. Nígbà kejì mo dín in kù títí ibi tó ga jù fi wà ní nǹkan bíi −12 dB (0 dB ni ibi tó ti ń fọ́). Ẹ má bẹ̀rù pé ó kéré. Ní 24-bit, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn ohùn ní kínníkínní, ẹ lè gbé e sókè lẹ́yìn náà láìsí pé ariwo ẹ̀rọ bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí pé agogo tó ń ka ìgbésẹ̀ ò sí, báwo ni onílù ṣe máa mọ ibi tí yóò wọlé nígbà tó bá di tirẹ̀? Mo ní kí aláagbè mi agbè lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí Yèyé tó lanu. Mẹ́rin yẹn ni àbúrò mi gbọ́ nínú headphone lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó fi wọlé pẹ̀lú ìyáàlù, mo sì gé e kúrò níkẹyìn. Ọ̀rọ̀ Yèyé gan-an ló ń fi ìlù sọ, nítorí náà ohùn Yèyé ni mo gbé sókè jù sí i létí, mo dín ègbè kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló gbà á kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí ó ṣe lọ nìyẹn: Yèyé ní track 1, ègbè àti agbè ní 2, ìyáàlù ní 3, gángan ní 4, agogo ní 5, gìtá mi ní 6 àti 7. Nígbà tí mo fẹ́ fi nǹkan mìíràn sí i, mo pa àwọn ìlù àti agogo pọ̀ sójú kan. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Nígbà tí TASCAM gbé Portastudio 144 jáde ní 1979, kásẹ́ẹ̀tì ló ń lò, track 4 péré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fún ara wọn láàyè. Ti kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pa á pọ̀ ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ti R8 kì í rí bẹ́ẹ̀, àwọn fáìlì ti tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà nínú káàdì tí ọkàn yín bá yí padà.

Káàdì! Tòkunbọ̀ ni mo ra R8 mi, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó fi káàdì SD 32 GB bù fún mi. Irọ́ ni káàdì náà. Ó ń sọ pé 32 GB ni òun, kò tó ìlàjì rẹ̀, nígbà tó kún tán ló ń gba orin tuntun bí ẹni ń gba omi sínú agbọ̀n. Mo pàdánù àwọn orin ìjọ méjì, ó sì dùn mí títí dòní. Ẹ kọ nǹkan sínú káàdì yín títí yóò fi kún, kẹ́ ẹ sì ṣí i wò, kẹ́ ẹ tó gbé ohùn àgbàlagbà kan lé e lọ́wọ́. Ẹ ò tilẹ̀ nílò káàdì ńlá. Ní 24-bit, 44.1 kHz, track kan ń jẹ nǹkan bíi MB 8 ní ìṣẹ́jú kan. Orin ìṣẹ́jú 5 tó kún track 8 kò ju MB 320 lọ. R8 kì í sì í gba káàdì tó ju 32 GB.

Ohun tí n ò fẹ́ràn lára rẹ̀: ojú rẹ̀ kéré, ohun tí mò ń wá sì máa ń jìn sínú ètò. Ihò headphone kan ṣoṣo ló ní, mo ní láti ra wáyà tó pín in sí méjì. Máíkì kéékèèké tó wà lára rẹ̀, orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ síni lọ́kàn ni mo ń fi wọ́n gbà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìlù inú rẹ̀ kò mọ kónkóló. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ sí i fúnra mi, ó le gan-an bí igi, mo padà sórí agogo irin.

Mo ti lo DP-008EX ọ̀rẹ́ mi kan l'Adó. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń yí ló ní dípò àwọn tí wọ́n ń tì sókè sódò, ó sì yá ju tèmi lọ: ẹ tan án, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n 16-bit ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí orin padà sí WAV, irú fáìlì orin tí kọ̀ǹpútà ń ṣí, kó tó ṣeé gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ti R8, WAV ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Zoom H4n dáa fún ìta gbangba, track 4 ló ní. R16 tí mo yá fún ọjọ́ méjì, bátìrì AA mẹ́fà ló ń jẹ, nínú ihò 8 rẹ̀, méjì péré ló ń fún ní phantom, nítorí náà ẹni tó bá ní condenser mẹ́rin kó yẹ R24 wò, mẹ́fà ni tiẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá kọrin, tẹ́ ẹ̀ ń to ohùn ara yín léra, R8 tó yín, owó tó ṣẹ́kù ẹ fi ra máíkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ẹgbẹ́ tó ń wo ojú ara wọn kọrin, ẹ ka ẹnu kẹ́ ẹ tó ka track. Èmi ti ń tọ́jú owó R16. Orin mẹ́ta ti Yèyé ló wà nínú káàdì báyìí, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ló kù, wọ́n sì fẹ́ kí aláagbè kejì bá wọn dé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la fi ìkẹrin sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá gúnyán tán.