CC2531: ọ̀pá USB tí mo fi ń ṣọ́ àwọn sẹ́ńsọ̀ ilé adìyẹ

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé sẹ́ńsọ̀ sínú ilé adìyẹ, èyí tó ń wo ooru àti èyí tó ń wo ọ̀rinrin. Wọn kò ní wáyà, Zigbee, ìlànà rédíò fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Bí ẹnìkan bá pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nínú oòrùn oṣù kẹta, adìyẹ á ti máa kú kí olóko tó gbọ́. Ìdí tí mo fi ra CC2531 nìyẹn. Ọ̀pá kékeré ni, ṣíìpù Texas Instruments ló wà nínú rẹ̀.

Gbígbọ́ nìkan ni mo ń lò ó fún. Mo tì í bọ kọ̀ǹpútà, mo fi ètò kan tó ń jẹ́ whsniff gbé ohun tó gbọ́ lọ sínú Wireshark, ètò tó ń fi iṣẹ́ tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, lórí Linux, gbogbo ohun tó bá ń kọjá á sì máa tò wálẹ̀ lójú mi. AES, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ kan, ti di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pa, àmọ́ ẹni tó ránṣẹ́, ẹni tó ránṣẹ́ sí, àti nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ fi ń ka iye ìgbà tó ti ránṣẹ́, gbangba ni wọ́n wà. Nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù. Òkè ló gbọ́dọ̀ máa lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ kan bá ti dé 5210, tí 4877 wá tún jáde lórúkọ rẹ̀, àfi kó jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnìkan ti gba iṣẹ́ àná sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni ìgbà tí sẹ́ńsọ̀ tuntun bá ń wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ Zigbee àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀, ZigBeeAlliance09, ni wọ́n fi ń di kọ́kọ́rọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún àlejò. Mo tẹ ẹ sínú Wireshark, mo so sẹ́ńsọ̀ kan mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi, wéré ni kọ́kọ́rọ́ gidi já sí mi lọ́wọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà ní dídì sì tú: 31.4, 31.5, ooru ilé adìyẹ ketekete. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ọgbà lákòókò yẹn pẹ̀lú irú ọ̀pá yìí á rí ohun tí mo rí. Zigbee 3.0 fàyè sílẹ̀ fún kóòdù ti sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á, kó tó kan owó.

Ó ní àléébù o. Ìkànnì 16 ni Zigbee ní lórí 2.4 GHz, láti 11 dé 26, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àǹtẹ́nà rẹ̀ kò lágbára, ẹ ní láti sún mọ́ sẹ́ńsọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀, á fo òmíràn, nítorí náà, bí nọ́ńbà bá fo, ẹ má tíì pariwo olè. Bí ẹnìkan bá fi ariwo rédíò bo afẹ́fẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò hàn lójú Wireshark, ẹ sì ní láti lọ yẹ bátìrì sẹ́ńsọ̀ wò kẹ́ ẹ tó mọ èwo ni. Kì í sì í fúnra rẹ̀ lu agogo ìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, fún owó kékeré tí mo fi rà á, n kò lè ṣiṣẹ́ yìí láìsí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá fámúwià sniffer, ètò inú ọ̀pá tó ń jẹ́ kó lè máa gbọ́, ti wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ra CC Debugger, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé fámúwià sínú rẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn.