Nọ́ńbà ṣásí ní 3.3, ẹ́ńjìnnì ní 3.0: ohun tí ojú mi rí lára Toyota Sienna 2005

Ìkànnì kan wà tí NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ṣe, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń tú nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 náà sí i, á sọ ọdún ọkọ̀ náà fún yín, ibi tí wọ́n ti tò ó, àti ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ òun náà ló jẹ́ kí n ra rìǹgì ẹ́ńjìnnì (irin róbótó tó yí písítìnnì ká, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì) tí kò wúlò fún mi.

Ọwọ́ ẹni tó ti lò ó nílùú yìí ni mo ti ra Sienna mi. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, èéfín sì ń tú lẹ́yìn ẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní, “Ọ̀gá, rìǹgì ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra á ní ọjà Ládìípọ̀.” Mo wo nọ́ńbà ṣásí lábẹ́ gíláàsì iwájú: 5TDZA ló fi bẹ̀rẹ̀. Àmì karùn-ún nínú nọ́ńbà yẹn ni Toyota fi ń sọ ẹ́ńjìnnì lára Sienna Amẹ́ríkà. Lẹ́tà A ni 3MZ-FE, lítà 3.3, tó wà nínú ti 2004 sí 2006. F ni 1MZ-FE, lítà 3.0, ti àwọn tó ṣáájú ìyẹn. K ni 2GR-FE, lítà 3.5, tó dé ní 2007. Ìkànnì náà sọ pé 3.3, èèpo ike tó wà lórí ẹ́ńjìnnì náà bá a mu. Kí ni mo tún ń wá? Mo ra rìǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín irin ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí wọ́n tú u, rìǹgì kọ̀, kò wọlé. Mẹkáníìkì bu bẹtiróò, ó fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha gíríìsì kúrò lára irin ẹ́ńjìnnì níbi tó ti pàdé gíàbọ́ọ̀sì. Ohun tó yọ síta ni 1MZ. Ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kó tó tà á fún mi, kò sì la ẹnu. Ẹ̀wù 3.3 ló wọ̀, ara 3.0 ló wà nínú ẹ̀.

Ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ojú lásán ò lè dá wọn mọ̀. Pulọ́ọ̀gì mẹ́fà ni wọ́n, tàyímìn bẹ́líìtì ni méjèèjì ń lò, ìrìn písítìnnì wọn nínú ihò sì jẹ́ mìlímítà 83. Fífẹ̀ ihò yẹn ni wọn ò ti bára wọn mu: 87.5 ni ti 1MZ, 92 ni ti 3MZ. Ìdí nìyẹn tí rìǹgì, písítìnnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kan ò fi lè bọ́ sí èkejì.

Màá fún ìkànnì yẹn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ohun tó jáde láti ilé iṣẹ́ ló ń sọ, kò mọ ohun tí a ti ṣe sí ọkọ̀ látìgbà náà. Ọkọ̀ tó bá sì ti Yúróòpù gba Kùtọnú wọlé, ìsọfúnni tó máa ń fún mi lórí ẹ kì í pọ̀. Pátákó irin kékeré tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń wò fún ìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹ́ńjìnnì sí.

Sienna mi ti jáwọ́ nínú ọ́ìlì mímu. Rìǹgì 92 yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó bá ní 3MZ, tó ti fojú ara ẹ̀ rí i lára irin, kó wá bá mi dúnàádúrà.