Róbọ́ọ̀tì àti ohun èlò inú sinimá àtijọ́: èwo ló tó owó yín?

Lọ́dún 2017, róbọ́ọ̀tì méjì tó lórúkọ nínú sinimá sáyẹ́ǹsì bọ́ sórí gbàǹjo ní Amẹ́ríkà. R2-D2 kan, róbọ́ọ̀tì inú Star Wars, lọ ní oṣù kẹfà, ní mílíọ̀nù 2.76 dọ́là. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ilé gbàǹjo Bonhams ta Robby ní New York ní 5,375,000 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ òde òní mọ R2-D2 bí ẹní mowó, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbọ́ orúkọ Robby rí. Kí ló wá mú owó Robby ga tó báyẹn? Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra irú ọjà yìí kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn.

Odindi ni Robby. Ilé iṣẹ́ sinimá MGM ló kọ́ ọ fún Forbidden Planet, sinimá tó jáde ní 1956. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, èèyàn ló sì ń wọ inú rẹ̀ láti mú un rìn. MGM ta ẹrù sinimá rẹ̀ ní gbàǹjo lọ́dún 1970, Robby sì bọ́ sí mùsíọ́mù kan ní California. Ní 1979, William Malone, tó ń ṣe sinimá, rà á, ó tún un ṣe, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí Bonhams fi tà á pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń wà nínú eré náà. Ọwọ́ mẹ́ta péré láàárín ọgọ́ta ọdún, kò sì sígbà tí a ò mọ ibi tó wà.

Ti R2-D2 yàtọ̀. Ẹni tó ni ín fi ọ̀pọ̀ ọdún ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ara oríṣiríṣi R2-D2 tí wọ́n lò nínú àwọn sinimá Star Wars, kó tó tò wọ́n pọ̀. Ó dà bí ọkọ̀ tí mẹkáníìkì tò láti ara tòkúnbọ̀ mẹ́ta: kò sí ayédèrú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè nàka sí eré kan kí ẹ ní odindi rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn. Ní tèmi o, tówó bá wà, Robby ni.

Tí mílíọ̀nù ò bá sí nílé

Àdàkọ lèyí tó pọ̀ jù nínú wa máa rà. Ó pín sí méjì: èyí tí ilé iṣẹ́ gbàṣẹ láti ṣe, àti èyí tí olólùfẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ẹ má fojú kéré èkejì. Àwọn tó ń kọ́ R2-D2 ní ẹgbẹ́, àwọn tó ń kọ́ B-9 ní tiwọn. Wọ́n ń pín àwòrán àti ìwọ̀n láàárín ara wọn, iṣẹ́ àwọn mìíràn sì péye ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

B-9 ni róbọ́ọ̀tì inú Lost in Space, eré tẹlifíṣọ̀n tí CBS gbé jáde láti 1965 sí 1968. Robert Kinoshita, tó lọ́wọ́ nínú yíya Robby, ló ya òun náà. Ẹ wo orí àwọn méjèèjì tó mọ́ gaara, ẹ ó rí i. Bob May ló wà nínú rẹ̀, Dick Tufeld ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ohùn yẹn ni gbogbo adùn rẹ̀. B-9 tí kò bá ní ohùn Tufeld, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ní ti àyè, R2-D2 ló borí. Ó fi díẹ̀ ga ju mítà kan lọ, ó gba ẹnu ọ̀nà, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀. Robby àti B-9 ń fẹ́ yàrá tiwọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, Dalek ló sún mọ́ yín jù. Láti 1963 ló ti ń dẹ́rù bani nínú Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC. Raymond Cusick ló ya á. Apá rẹ̀ kan, rọ́bà onígi tí a fi ń ṣí sínkì tó dí ni. Èèyàn jókòó sínú rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ kiri lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké. Pákó àti fáíbà ti tó láti fi kọ́ ọ. Òun ló rọrùn jù láti kọ́, òun náà ló rọrùn jù láti kọ́ bà jẹ́: ẹ ka àwọn kókó róbótó ara rẹ̀, 56 ló sábà máa ń jẹ́.

Ohun ọwọ́

Ibí ni jìbìtì pọ̀ sí. Idà ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí Luke Skywalker lò nínú Star Wars, ọwọ́ fìláàṣì kámẹ́rà Graflex ni wọ́n fi ṣe é. Graflex àtijọ́ ṣì wà lọ́jà, àmọ́ ohun èlò kámẹ́rà ni, kò dé inú sinimá kankan. Tí òǹtajà bá ń pariwo pé ojúlówó ni, ẹ bi í pé ojúlówó kí ni.

Ìbọn Han Solo, inú Star Wars bákan náà, Mauser C96 gidi ni wọ́n tún ṣe; ọ̀kan lọ ní 1,057,500 dọ́là lọ́dún 2022. Ti àwọn stormtrooper, ìyẹn àwọn ọmọ ogun aláṣọ funfun inú eré náà, ìbọn Sterling ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin ìbọn dé ọ̀dọ̀ irú nǹkan báyìí, nítorí náà ẹ ra ti ike. Ti ike náà, ẹ má gbé e sínú àpò ọwọ́ dé pápákọ̀ òfurufú.

Ìbọn phaser inú Star Trek ti 1966 ní èyí tí kámẹ́rà máa ń sún mọ́, tí wọ́n ṣe fínnífínní, ó sì ní èyí tí wọ́n ṣe wúruwùru fún ìjà àti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ta èyí fún yín ní owó tọ̀hún ti rẹ́ yín jẹ.

Àṣíborí stormtrooper ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Andrew Ainsworth ló ṣe àwọn tí wọ́n lò nínú Star Wars ti 1977. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n tà, Lucasfilm, ilé iṣẹ́ tó ṣe Star Wars, pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún 2011, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àṣíborí náà kì í ṣe ère, nítorí náà ẹ̀tọ́ tó ń dáàbò bo ère kò bò ó níbẹ̀. Àdàkọ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ ló ṣe é.

Kí ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ ojúlówó ni wọ́n pè é, ẹ béèrè àwòrán inú eré tó bá a mu: ibi tó ha, ibi tí ọ̀dà ti bó, ipò ìdè kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí tí òǹtajà kọ fúnra rẹ̀ ò tó nǹkan. Ilé gbàǹjo á tún gba owó tirẹ̀ lórí iye tí ẹ pè, ó sì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Fóòmù rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń rún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Àdàkọ oníná tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, fóltì 120 ló ń jẹ. Ti Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ìyẹn. Ẹ ra tíránsífọ́mà mọ́ ọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án ló máa jó.