Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún oníṣòwò tó ń fi "ìwé ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì" ta àwòrán àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ra àwòrán àtijọ́ ní gbàǹjo London àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ná. Oníṣòwò kan ń kiri orí WhatsApp pẹ̀lú àwòrán bàbá onírùngbọ̀n kan tí wọ́n kùn sórí pákó óòkù. Ó ní iṣẹ́ ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands ni, láti nǹkan bí ọdún 1620, àti pé sáyẹ́ǹsì ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi ìwé ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó sanwó. Mo kà á tán. Ìwé náà ò parọ́ o, ibi tó ti burú gan-an nìyẹn.

Wọ́n ka ìlà ọdún inú igi náà, wọ́n ní wọ́n ti gé e kí ọdún 1620 tó pé. Iṣẹ́ gidi ni. Lọ́dọọdún ni igi óòkù ń fi ìlà kan kún ara rẹ̀. Ọdún tó bá tù ú lára, ìlà á fẹ̀, ọdún tó bá le, á tín-ín-rín. Àwọn onímọ̀ á wá fi wé igi tí wọ́n ti mọ ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí pákó ni ìyẹn. Ta ló yẹ ọ̀dà wò? Kò sẹ́ni kankan. Pákó àtijọ́ sì wà lára àpótí àti kọ́bọ́ọ̀dù àlòkù lóríṣiríṣi.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Han van Meegeren, ará Netherlands, a máa ra àwòrán gidi ayé ìgbà Vermeer, ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands nígbà àtijọ́, á ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, á fi ọ̀dà tó po mọ́ Bakelite, irú ike líle kan, ya tiẹ̀, á sì yan án nínú ààrò títí tí yóò fi gan. Ẹ fi ọtí líle nù ún, kò ní yọ́, bí ọ̀dà tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún 1937, Abraham Bredius tí gbogbo ayé mọ̀ sí àgbà nínú ọ̀rọ̀ Vermeer yin ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀run. Ọdún 1945 tí wọ́n mú van Meegeren nítorí èyí tó dé ọwọ́ Göring, ìjòyè Hitler, ló tó jẹ́wọ́.

Oníṣòwò wa tún so àwòrán X-ray mọ́ ìwé náà, ó ń fọ́nnu pé ojú ènìyàn mìíràn wà lábẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀dà funfun tí wọ́n fi òjé ṣe máa ń dí X-ray lọ́nà, òun ló ń jẹ́ ká rí ohun tí ayàwòrán bò mọ́lẹ̀. Àmọ́ ayédèrú tí wọ́n yà sórí àwòrán àtijọ́ náà á ní ojú lábẹ́!

Ọ̀dà ló ń tú àṣírí. Aró Prussia kò sí láyé kí wọ́n tó ṣe é ní Berlin ní nǹkan bí ọdún 1706. Funfun titanium, lẹ́yìn ọdún 1900 ló dé ọjà. Lọ́dún 2012, ilé gbàǹjo Sotheby's ta àwòrán Jerome mímọ́ kan ní dọ́là 842,500, wọ́n ní àwọn tó sún mọ́ Parmigianino, ayàwòrán Ítálì àtijọ́, ló yà á. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú ọ̀dà ní ojú mọ́kànlélógún tí alátùn-únṣe kò fọwọ́ kàn, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé phthalocyanine, ti ọdún 1930 ó lé. Sotheby's dá owó oníbàárà padà. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀rọ XRF, tó ń fi X-ray mọ irin tó wà nínú ọ̀dà, nìkan lè má mú èyí, torí bàbà ni yóò rí, bàbà sì wà nínú àwọ̀ ewé àtijọ́ pẹ̀lú. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò Raman tàbí FTIR, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ irú ọ̀dà gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ilé àyẹ̀wò tí àwọn fúnra wọn yàn mú ọ̀dà díẹ̀, tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Oníṣòwò náà ní ìyẹn yóò ba àwòrán jẹ́. Ó ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e, kí wọ́n san àsansílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ń yí orúkọ padà, nítorí náà àwòrán ni kẹ́ ẹ dá mọ̀: bàbá náà wọ aṣọ pupa, ìwé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, pákó náà sì sán lóòró láti òkè dé èjìká. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ wá nọ́ńbà ilé àyẹ̀wò tó kọ ìwé náà fúnra yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀dà.