Subaru STI lórí E85: àyẹ̀wò iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Houston

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni kí wọ́n máa tún bírénbọ́ọ̀sì ọkọ̀ eré ṣètò kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa lo ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń lò bí epo ọkọ̀; E85 ni wọ́n ń pè é bí wọ́n bá pò ó mọ́ bẹntiróòlù. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Subaru WRX STI ni mo gbé lọ bá wọn, ẹ́ńjìnnì EJ257 oní lítà 2.5 tó ní turbo, tí àwọn tó ṣe é fi họ́ọ̀sìpáwà 305 júwe rẹ̀.

Ohun tó ń mú àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ eré wá ethanol kiri kò ṣòroó yé. Nígbà tí turbo bá ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú sílíńdà, ooru àti ìfúnpọ̀ lè mú kí bẹntiróòlù gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, èyí sì lè fọ́ písítìnì. Ethanol kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gba ooru púpọ̀ mọ́ra bó ṣe ń di oru, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà á tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Koenigsegg, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ eré ní Sweden, fi èyí han ayé ní ọdún 2007, nígbà tí ọkọ̀ CCXR wọn tó ń mu E85 kọjá họ́ọ̀sìpáwà 1,000, bẹ́ẹ̀ 806 ni ti CCX tó ń mu bẹntiróòlù. Àmọ́ epo náà kì í pẹ́ tán. Kìlógíráàmù bẹntiróòlù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kìlógíráàmù 14.7 kó tó jóná tán, ti E85 kò ju nǹkan bí 9.8 lọ, nítorí náà epo tí nọ́sù gbọ́dọ̀ fọ́n fún afẹ́fẹ́ kan náà á pọ̀ sí i gan-an.

Kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pàápàá ni mo ti rí i pé àwọn ènìyàn yìí mọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún E85 ni ethanol, bẹ́ẹ̀ ìlànà Amẹ́ríkà gbà kí ó wà láàárín 51 sí 83, kí wọ́n sì máa dín in kù nígbà òtútù kí ọkọ̀ lè tètè sítáàtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba kẹ́ẹ̀gì epo tí mo gbé wá bu omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ojú ìlà, ó da epo lé e, ó dé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ethanol fi bá omi lọ sí ìsàlẹ̀, tí bẹntiróòlù léfòó, tí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé sì gòkè kọjá ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Ó ka àmì ara ìgò náà, ó ní kò pé 75.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ̀ láti ṣe ètò kan ṣoṣo tí yóò gbà pé bákan náà ni epo máa ń rí. Wọ́n so sẹ́ńsọ̀ kan mọ́ paípù tí epo ń gbà padà sí táǹkì, òun ló ń fi àmì ránṣẹ́ sí bírénbọ́ọ̀sì, 50 Hz (ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bí kò bá sí ethanol rárá, 150 Hz bó bá jẹ́ ethanol pọ́ńbélé. Láti inú àmì yìí ni bírénbọ́ọ̀sì ti ń mọ iye epo tí nọ́sù yóò fọ́n, ìgbà tí púlọ́ọ̀gì yóò ṣáná, àti bí turbo yóò ṣe ki afẹ́fẹ́ tó. Bí mo bá da bẹntiróòlù lé E85 tó ṣẹ́ kù, n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lórí dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, agbára tó dé ojú táyà kúrò ní nǹkan bí họ́ọ̀sìpáwà 280 lórí bẹntiróòlù, ó dé nǹkan bí 330 lórí E85. Àwọn kan yóò ní ó kéré. Ọ̀gá tó ń kọ ètò náà ló kọ̀ láti kọjá ibẹ̀. Wọ́n ní ibi tí rìǹgì jókòó sí lára písítìnì EJ257 kò lágbára, pàápàá bí turbo bá ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí kíákíá, wọ́n sì dín ìfúnpọ̀ turbo kù ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí mo sanwó fún gan-an nìyẹn. Lójú Accessport, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ohun tí bírénbọ́ọ̀sì ń ṣe hàn, tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà DAM, tó máa ń já wálẹ̀ bí bírénbọ́ọ̀sì bá gbọ́ pé epo ń gbiná ṣáájú àsìkò, kò tíì kúrò lórí 1, àní nínú ooru oṣù kẹjọ Houston, ẹni tó bá sì mọ ooru yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹjọ́ mi ni ti owó. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ti ètò àti sẹ́ńsọ̀ nìkan ni. Ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ sókè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé nọ́sù mẹ́rin àti pọ́ǹpù epo tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé E85 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Ọkọ̀ náà tún máa ń pẹ́ kó tó sítáàtì ní àárọ̀ òtútù. Mo fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì fi ètò tuntun ránṣẹ́ padà láìgba kọ́bọ̀.

Gálọ́ọ̀nù E85 kì í gbé mi jìnnà tó ti bẹntiróòlù, èéfín rẹ̀ sì ń rùn bí ògógóró, èyí tí ìyàwó mi kò fẹ́ràn. Ẹni tó bá ń gbèrò àtigbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Èkó má wulẹ̀ náwó sí i, kò sí ilé epo tí yóò ti rí E85 rà níbẹ̀. Ní tèmi, màá padà lọ bá wọn, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ gbogbo iye rẹ̀ sínú ìwé kí n tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.