Wáyà tó ń wọn ìfúnpá nínú òpójẹ̀ ọkàn: èwo ló yẹ wá n'Ífẹ̀?

Mẹ́ta la gbé yẹ̀wò: PressureWire X ti Abbott, OmniWire ti Philips àti OptoWire. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń fi ìfúnpá ẹ̀yìn ibi tó fún wé ti iwájú rẹ̀. Bí FFR, ìyẹn èsì tí a rí bí a bá pín ìfúnpá ẹ̀yìn sí ti iwájú lẹ́yìn oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn gan-an, bá jẹ́ 0.80 tàbí kó dín, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá dáadáa.

PressureWire X lè ṣiṣẹ́ láìlo okùn, èyí sì dára lórí tábìlì tó há. RFR tirẹ̀ àti iFR ti OmniWire, ìyẹn ìwọ̀n tó jọ FFR tí a ń ṣe láìlo oògùn yẹn, 0.89 ni ààlà méjèèjì. Wọn kò nílò adenosine, oògùn FFR tó máa ń mú kí àyà aláìsàn fún pinpin. Ìmọ́lẹ̀ ni OptoWire ń lò, iye tó ń wọ̀n kì í sì í tètè yẹ̀. Òun la fẹ́ràn jù fún òpójẹ̀ tí iye rẹ̀ bá súnmọ́ ààlà.

Àṣìṣe tó ń dun ni kò sí lára wáyà rárá. Abẹ́rẹ́ tí a fi ki wáyà wọlé ni, bí a bá gbàgbé rẹ̀ sójú fáàfù ìdí kátítà, ìyẹn túùbù tí wáyà ń gbà dé òpójẹ̀. Ìfúnpá iwájú yóò máa jò níbẹ̀, FFR yóò ga lórí irọ́, a ó sì rò pé òpójẹ̀ kò fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ kátítà, kí ẹ mú ìfúnpá méjèèjì dọ́gba lẹ́nu kátítà tó wà nínú ara kí wáyà tó kọjá ibi tó fún. Tí ẹ bá parí, ẹ fa wáyà padà sẹ́nu kátítà náà. Bí èsì pípín ìfúnpá méjèèjì níbẹ̀ bá fi ju 0.03 lọ yàtọ̀ sí 1, ẹ tún un wọ̀n.

Ẹ má sì tan ẹ̀rọ náà láìsí UPS. Bí iná bá lọ lójijì, ìdọ́gba tí ẹ ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn.