Rocket tí a fọwọ́ ara wa tò: àgbéyẹ̀wò ohun ìtòpọ̀ kan àti ìwé ìtàn George Stephenson tó bá a wá

Iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, fítà ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ rélùwéè Èbúté Mẹ́tta kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wá rí páálí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ yẹ́lò sí lára, tí ọ̀pá èéfín rẹ̀ funfun, mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Rocket ni, èyí tí George Stephenson, ẹnjiníà ilẹ̀ England, àti Robert ọmọ rẹ̀ kọ́ ní 1829. Irin àti pákó ni wọ́n fi ṣe ti inú páálí yìí, ẹ ó fọwọ́ ara yín tò ó pọ̀, ìwé pẹlẹbẹ kan tó sọ ìtàn ayé Stephenson sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Owó rẹ̀ lé ní ₦60,000. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo sanwó.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, la jọ ṣí i. Bóòtù kéékèèké 84 ló yẹ ká bá nínú ọ̀rá. 81 la bá. A kà á lẹ́ẹ̀mẹta, 81 náà ni. Ihò tí ọ̀pá wíìlì ẹ̀yìn máa gbà kọjá náà kò ṣe wẹ́kú, fáìlì ni mo fi yún un kó tó gbà. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò fèsì títí di òní. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe ní àdúgbò wa ni mo ti rí bóòtù mẹ́ta yòókù. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ nílé, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti máa sú u, èyí kò sì dáa rárá fún ohun tí wọ́n pè ní ti ọmọdé.

Ṣùgbọ́n bọ́ìlà rẹ̀, àgbá tí omi ti ń hó! Wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè rí inú. Páìpù bàbà 25 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju igi ìṣáná lọ, ẹ̀mú la fi ń kì wọ́n bọ ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì gbáko la lò nídìí ẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú, páìpù ńlá kan tàbí méjì ni iná máa ń gbà la àárín omi kọjá, omi kì í sì í tètè hó. Rocket pín iná náà sí ọ̀nà 25, ó ń ká omi mọ́ níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á hó kíákíá. Ooru omi tó bá ti ti pístọ́nù, irin tó ń mú wíìlì yí, tán, wọn kì í jẹ́ kó lọ lásán: inú ọ̀pá èéfín ni wọ́n darí rẹ̀ sí, bó bá ṣe ń tú jáde ni yóò máa fa atẹ́gùn wọ inú iná, tí iná á tún máa ràn sí i. Ọmọ mi wò ó títí, ó ní, "Dádì, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bí ọkọ̀ náà bá ṣe ń sáré tó ni ẹwìrì rẹ̀ ń fẹ́ tó. Òun nìkan ló parí ìdíje ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣe ní Rainhill, nílẹ̀ England, ní October 1829, òun ló sì gba ẹ̀bùn £500 náà.

Ní ti ìwé ìtàn, ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ dára débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bí Stephenson ní June 9, 1781, ní Wylam, lẹ́bàá Newcastle. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Bàbá ló ń daná sí ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú ihò èédú. Nígbà tí George fi máa pé ọmọ ọdún 17, òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ, síbẹ̀ kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ti ń gbowó iṣẹ́, kó tó máa lọ sí ilé ìwé alẹ́. Ó ń tún aago ṣe, ó ń rán bàtà, kí owó lè tó ná. Ní 1806, ikọ́ ife pa Fanny ìyàwó rẹ̀, Robert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni 1811, ní High Pit, ihò èédú kan ní Killingworth. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti fa omi kò ṣiṣẹ́, àwọn ọ̀gá ti gbìyànjú títí. Stephenson ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú u. Ó tú u, ó tún un tò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ihò náà gbẹ. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi mọ ọjọ́ yẹn: wọ́n ti pe ẹni méjì, mẹ́ta, kí wọ́n tó wá rántí ẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kù-díẹ̀-káàtó, inú mi ò sì dùn sí i. Ó kọ ọ́ gbangba pé Stephenson ló kọ́ ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ láyé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Richard Trevithick ti fi ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ́ irin tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ní Penydarren, nílẹ̀ Wales, ní February 1804, ọdún mẹ́wàá gbáko kí Stephenson tó gbé Blücher, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tirẹ̀, jáde. Páìpù 25 tí à ń yìn yìí náà, Henry Booth, akápò ilé iṣẹ́ rélùwéè Liverpool sí Manchester, ló mú ìmọ̀ràn rẹ̀ wá, Robert ló sì dúró ti iṣẹ́ náà ní Newcastle nígbà tí bàbá rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ ọ̀nà rélùwéè náà. Báwo ni ìwé ìtàn ṣe máa fo ọmọ náà? Stephenson rán Robert lọ sí ilé ìwé tó dáa ní Newcastle, ohun tí ọmọ bá kọ́ wálé, bàbá á jókòó tì í, wọn á jọ kà á. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ọmọ mi rí.

Wọ́n tún fo 1825, nígbà tí Stephenson dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní London nítorí ọ̀nà Liverpool sí Manchester yìí, tí lọ́yà Edward Alderson ń bi í ní ìbéèrè, tí ó hàn pé ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lábẹ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Àbá ọ̀nà rélùwéè náà ṣubú. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún padà pè é, òun ló sì mú ojú irin la irà Chat Moss kọjá, tó to ìdì ẹ̀ka igi àti koríko sábẹ́ rẹ̀ títí tó fi léfòó. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà, September 15, 1830, ìwé yìí pè é ní ayẹyẹ alárinrin. Rocket yìí kan náà ló gun William Huskisson, aṣòfin, lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì kú. Stephenson fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ tí wọ́n fi sáré gbé e lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè gbọ́ ọ, ẹ sọ fún un.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n àárín ojú irin méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà àwọn kẹ̀kẹ́ èédú ní Killingworth. Mo sọ fún ọmọ mi pé 1435 mílímítà náà ni ti rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, àmọ́ pé ti àtijọ́, tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ní 1896, tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tóóró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àfi ká lọ wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé téèpù, a lọ sí Dùgbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín koríko, ó di etí kan mú, mo di ìkejì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íǹṣì mẹ́fà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ọkọ̀ náà, méjì péré fún ìwé. Ẹ wá ẹ̀mú àti fáìlì kékeré sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí páálí, ẹ sì ka bóòtù yín. Nínú ìwé tiwa, ọmọ mi ti fi báírò kọ "Trevithick, 1804" sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kẹta, ó kọ ìwọ̀n Dùgbẹ̀ sí ẹ̀yìn.